Ọwọ́ Tí Mo Fi Ń Gba Owó Ibodè

Inú ọkọ̀ tó rì sínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ni wọ́n bí mi sí, láàárín Ìwéré-Ilé sí Òkèhò, lásìkò òjò. Ilé ìwòsàn tó wà ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n ń gbé ìyá mi lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà kọ̀, ó ní òun kò gbà. Àwọn ọkùnrin ń ti ọkọ̀ lẹ́yìn, àwọn obìnrin ń gbẹ̀bí nínú rẹ̀, èmi ni mo sì kọ́kọ́ jáde. Ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ tó jáde. Bí ẹni tí wọ́n bí báyìí bá wá dàgbà, tó lọ sí ìlú òyìnbó, tó lọ jókòó sójú ọ̀nà níbẹ̀, tó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn tó ń kọjá, ẹ má bi mí bóyá orí ló ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Mo ti bi orí náà léèrè, kò tíì dá mi lóhùn.

Iṣẹ́ mi nìyẹn, oníbodè ni mí. Afárá àtijọ́ kan wà ní abúlé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá fẹ́ gbé mọ́tò kọjá lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ san owó onírin díẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé onígi kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tóbi ju ìsọ̀ àwọn tó ń ta káàdì fóònù ní Ṣakí lọ, inú rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Fèrèsé kan ló wà níbẹ̀, àga kan, ẹ̀rọ owó kan, àti ẹ̀rọ amúlégbóná kan tó ń mú ẹsẹ̀ òsì gbóná, tó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Nílé, iṣẹ́ yìí ti di nǹkan mìíràn. Lọ́jọ́ tí mo rí i, mo pe ìyá mi, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Múrí nítorí ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní mo ti ríṣẹ́, mo ní afárá kan ni wọ́n ní kí n máa bójú tó. Irọ́ kọ́ ni mo pa, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mi ò sọ ọ̀rọ̀ náà tán. Gàrí ni ìyá mi ń tà. Kí ọjọ́ ọjà tó tún kò, mo ti di ẹnjiníà. Nígbà tó fi máa pé oṣù kan, Ìyá Múrí ti ń sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń tajà pé kò sí mọ́tò tó lè kọjá nílẹ̀ òyìnbó bí ọmọ òun kò bá fọwọ́ sí i. Òótọ́ ni èyí náà, bí ẹ bá wò ó dáadáa. Bí mi ò bá tẹ bọ́tìnì, igi ìdènà kò ní gbéra.

Obìnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ ń jẹ́ Dórìn. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó sì ti ń gbowó lórí afárá yẹn kí wọ́n tó bí mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo pè é ní Màmá Dórìn, ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ti wọlé. Mo béèrè àwọn ọmọ, ó ní òun kò bímọ, ajá lòun ní. Mo ní ajá náà ńkọ́, ṣé àlàáfíà ló wà? Ó wò mí títí, ó ní ẹsẹ̀ ń dùn ún díẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn la ti di ọ̀rẹ́, mi ò sì jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá kí n má béèrè ẹsẹ̀ ajá.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni pé ènìyàn kì í kí ènìyàn. Mọ́tò á dé, ọwọ́ á yọ, owó á bọ́, mọ́tò á lọ. Ní Ìwéré-Ilé, bí o bá gba iwájú ilé mẹ́ta kọjá láìkí wọn, ẹjọ́ rẹ á ti délé kí ìwọ fúnra rẹ tó dé. Mi ò lè ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn kú òwúrọ̀, kú òtútù, kú ìrìn, mo ń tú u sí Gẹ̀ẹ́sì bí agbára mi ṣe mọ. Ọkọ̀ márùn-ún á ti tò sẹ́yìn, èmi á ṣì máa béèrè àlàáfíà ìyàwó ẹni àkọ́kọ́.

Ó wá di ọjọ́ kan, bàbá arúgbó kan dé, irun rẹ̀ funfun báláú. Àgbà tó tó bí bàbá bàbá mi, mi ò mọ ìgbà tí orúnkún mi kanlẹ̀. Fèrèsé yẹn ga, èmi kò sì ga. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ báyìí, bàbá kò rí mi mọ́, ó rò pé mo ti dákú. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ń pariwo, àwọn tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè, Dórìn gbé ike omi sáré dé. Gbogbo wọn bá mi lórí ìkúnlẹ̀, mo ń bi bàbá bóyá ó jí dáadáa.

Dórìn ní kí n máa jókòó, mo sì ń jókòó. Ìyẹn kò ṣòro. Ohun tó ṣòro ni ti ọwọ́. Ẹ̀rọ owó wà lápá ọ̀tún mi, bọ́tìnì igi ìdènà wà lára rẹ̀, nítorí náà ọwọ́ òsì ni wọ́n ní kí n máa fi gba owó lọ́wọ́ awakọ̀, kí ọ̀tún máa tẹ ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀ ni Dórìn ṣe ń ṣe é. Òsì á gbà, ọ̀tún á tẹ̀, igi á gbéra. Mo wò ó, mo fi ọwọ́ òsì mi pamọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, mo fi ọwọ́ òsì gba ẹ̀pà lọ́wọ́ Lèmọ́mù. Ìyá mi gba ẹ̀pà náà lọ́wọ́ mi, ó dá a padà fún Lèmọ́mù, ó gbá mi létí, ó wá ní kí n tún un gbà. Ó tó ọdún méjì kí n tó lè jẹ ẹ̀pà láìkọ́kọ́ wo ọwọ́ mi.

Mo wá ń dá ọgbọ́n sí i. Màá na ọ̀tún gba iwájú ara mi lọ sójú fèrèsé, màá gba owó, màá tún yí padà lọ fi ọ̀tún yìí kan náà tẹ ẹ̀rọ. Bí àwọn tó ń hun aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn ṣe máa ń ju ọ̀kọ̀ òfì síhìn-ín sọ́hùn-ún ni mo rí. Ọkọ̀ tò dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá tó ń rí sí afárá wá bá mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n tún ọwọ́ mi ṣe. Nígbà tó tún wá lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rín rẹ̀ ti pọ̀ sí i. Dórìn wá ṣàlàyé fún mi pé bí ọkùnrin yẹn ṣe ń bínú nìyẹn, pé bó bá rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kẹta, iṣẹ́ ti bọ́.

Báyìí ni mo ṣe na ọwọ́ òsì. Obìnrin arúgbó kan ni mo kọ́kọ́ fi gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá kan tó máa ń dé fìlà òwú pupa, tó ń kọjá lójoojúmọ́ lọ wo ọkọ rẹ̀ nílé ìtọ́jú àwọn àgbà. Mo sọ fún un ní Yorùbá pé kó má bínú, ó rò pé mo dúpẹ́ ni, ó juwọ́ sí mi. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ mò ń bẹ olúkúlùkù bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di oṣù kejì, mi ò rántí bẹ wọ́n mọ́. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, pé mi ò rántí.

Ènìyàn lè máa rí ẹgbẹ̀rún ọwọ́ lóòjọ́ kí ó má rí ẹnì kan. Mo mọ ọwọ́ tó ń mu sìgá, mo mọ ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, mo mọ ọwọ́ tó ti bọ́ òrùka sílẹ̀. Kò sí èyí tó bi mí rí bóyá ìyá mi wà láyé. Màá délé, màá jẹ ẹ̀bà, màá máa bá àwo sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan ọwọ́ kan yọ tó le, tó sán, eruku wà lábẹ́ èékánná, mo sì mọ̀ ọ́n láìwo ojú ẹni tó ni ín. Mo bi í pé kí ló gbìn. Ó ní ọ̀dùnkún ni. Mo ní tiwa ni ẹ̀gẹ́ àti kaṣú. Ó pa ẹ́ńjìnnì, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ òjò. Lọ́jọ́ kejì ó gbé àpò ọ̀dùnkún kan wá fún mi, ni mo bá fẹ́ jẹ́ kó kọjá lọ́fẹ̀ẹ́. Dórìn di ọwọ́ mi mú. Ó ní ìyàwó ẹni tó ni afárá gan-an ń sanwó kó tó kọjá. Mo rò pé ó ń ṣeré ni, àfi ọjọ́ tí mo fojú ara mi rí obìnrin náà tó ń wá owó onírin nísàlẹ̀ báàgì, tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi.

Ìgbà tí mo wà báyìí ni ìyá mi pè. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀, nítorí kò béèrè bóyá mo ti jẹun.

Ó ní ìjọba fẹ́ la ọ̀nà tuntun, ọlọ́dà, láti Ìwéré-Ilé gba Òkèhò dé Ìsẹ́yìn, wọ́n sì ń bi ìlú léèrè bóyá a máa gbà kí wọ́n gbé tóògéètì sí i. Ìlú ti pín sí méjì. Bàbá Àlàájì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, ní ká gbà, pé ọ̀nà tí kò ní owó ìtọ́jú, kò ní pẹ́ tó fi máa padà di igbó. Láwàní tó ń wa bọ́ọ̀sì ní ká má gbà, pé owó tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ òun, orí èrò lòun máa gbé e lé. Ọ̀rọ̀ náà sì kan ìyá mi ní tòótọ́. Bí ọ̀nà ṣe wà yìí, gàrí rẹ̀ lè sùn sójú ọ̀nà ní ọjọ́ méjì, kí òjò pa á. Bí tóògéètì bá sì dé, owó ọkọ̀ lè jẹ gbogbo èrè rẹ̀.

Ó ní nígbà tí ariwo pọ̀ ní ìpàdé ìlú, òun dìde, òun ní kí wọ́n má jà mọ́. Òun ní ọmọ òun ló ń darí irú ẹ̀ nílẹ̀ òyìnbó. Ohun tí ọmọ òun bá sọ, òun á gbà á, gbogbo onígàrí náà á sì gbà á. Láwàní ní ṣé ọmọ náà mọ ohun tó ń ṣe? Ìyá mi ní kó di ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, kó wá fi etí ara rẹ̀ gbọ́.

Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni oúnjẹ kò fi dùn lẹ́nu mi. Bí mo bá sọ̀rọ̀ bí ẹnjiníà, ìlú mi á fọwọ́ sí ìwé lórí irọ́. Bí mo bá sọ òótọ́, ìtìjú á bo ìyá mi lójú àwọn tí wọ́n jọ ń tajà, wọn ò sì ní jẹ́ kó gbàgbé títí ayé. Mo fi ọ̀rọ̀ lọ Dórìn. Ó ronú gan-an, ó ní kí n sọ fún wọn pé kí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù san ìlọ́po méjì.

Nígbà tó di Sátidé, wọ́n gbé fóònù sórí tábìlì, wọ́n ṣí ohùn rẹ̀ síta. Bàbá Àlàájì fi àdúrà bẹ̀rẹ̀. Ó kí àwọn àgbà, ó kí àwọn ọ̀dọ́, ó wá ní ọ̀gá àgbà gbogbo afárá ilẹ̀ òyìnbó fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo gbọ́ ẹ̀rín ìyá mi láàárín wọn, ẹ̀rín ẹni tó jókòó síwájú pátápátá. Ẹ̀rín yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé mi ò lè fi irọ́ gbé e ró.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," mo ní. "Èmi kì í ṣe ọ̀gá, mi ò sì mọ iṣẹ́ ẹnjiníà. Inú ilé onígi kékeré kan ni mò ń jókòó sí. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá á na owó sí mi, màá gbà á, màá tẹ bọ́tìnì. Iṣẹ́ mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo gbọ́ ewúrẹ́ kan tó ń ké níta. Ẹnì kan wúkọ́, mo sì mọ̀ pé Láwàní ni.

"Oníbodè ni ọ́ nìyẹn," Bàbá Àlàájì ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Oníbodè ò kéré. Láyé àwọn bàbá wa, òun ló máa ń mọ̀ bí ìlú bá dáa. Sọ ohun tí ìwọ rí níbẹ̀."

Mo sọ ọ́. Mo ní ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kì í san, oníkẹ̀kẹ́ kì í san, oní-mọ́tò ló ń san. Mo ní ọkùnrin kan wà tó máa ń gbé ṣọ́bìrì wá láràárọ̀, tó ń wo afárá láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ihò tó bá rí lónìí, kì í di ọ̀la kó tó dí i. Gbogbo abúlé ló mọ̀ ọ́n lójú. Mo ní kí wọ́n má tíì bi ìjọba pé èló ni, kí wọ́n kọ́kọ́ bi wọ́n pé ta ló máa gbé ṣọ́bìrì, kí wọ́n sì rí i pé ọ̀nà parí kí igi ìdènà tó délẹ̀. Mo sọ ti ìyàwó ẹni tó ni afárá fún wọn.

Ti ìyàwó yìí ló da ilé rú. Láwàní ní ṣé ìyàwó onílé ń sanwó lójú ọ̀nà ilé ara rẹ̀? Bàbá Àlàájì ní ìyẹn kò kan ìlú wa, pé ó ṣáà yé gbogbo ènìyàn pé alága ẹgbẹ́ kò ní san. Olórí àwọn ọdẹ ní àwọn tí àwọn ń ṣọ́ ọ̀nà náà kò lè sanwó láti ṣọ́ ọ. Ẹnì kan ní Lèmọ́mù kò gbọ́dọ̀ san. Àwọn tí wọ́n fẹ́yàwó ní Òkèhò ní ilé àna kì í ṣe ìrìn àjò. Láwàní wá ní òun ti wa ọkọ̀ lójú ọ̀nà yẹn títí òun fi pàdánù eyín méjì, òun ti san tòun. Nígbà tí gbogbo wọn yọ ara wọn tán, ó wá ku àlejò nìkan tó máa san, ẹnì kan sì béèrè pé àlejò wo ló ń wá sí Ìwéré-Ilé.

Ohùn ìyá mi ló là á.

"Èmi máa san án," ó ní. "Ọmọ tí mo bí sínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹlòmíràn ò bá ní bímọ bẹ́ẹ̀ mọ́, mo máa san án."

Omi lé sí mi lójú. Mo rò pé ó ti parí.

"Ṣùgbọ́n jẹ́ n bi ọ́, ọmọ mi. Ọwọ́ wo lo fi ń gba owó lọ́wọ́ àwọn àgbà yẹn?"

Mo lè purọ́. Òkun àti aṣálẹ̀ ló wà láàárín wa, kò lè rí mi. Ṣùgbọ́n etí tí wọ́n gbá yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

"Òsì ni, Màámi."

Gbogbo wọn kùn, wọn ò kùn báyìí nígbà tí mo ní èmi kì í ṣe ẹnjiníà. Mo gbọ́ tí Bàbá Àlàájì ń wí pé lá ìlàha ìlà-Lọ́ọ̀hù.

"Kí ló dé?" ìyá mi ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Bí wọ́n ṣe gbé ẹ̀rọ sí ni, Màámi. Apá ọ̀tún ló wà."

"Ṣé wọ́n kàn án mọ́lẹ̀ ni?"

Oṣù mẹ́ta ni mo ti lò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ yẹn. Mo ti bá a jà, mo ti sunkún sí i, mo ti fi ọwọ́ òsì gba owó lọ́wọ́ àwọn tó tó bàbá ńlá mi nítorí rẹ̀. Mi ò wo abẹ́ rẹ̀ rí.

Ìlú kọ lẹ́tà sí ìjọba lọ́jọ́ yẹn. Bàbá Àlàájì ka ohun tí wọ́n fẹ́ sí mi létí: kí ọ̀nà parí ná, kí wọ́n fi ẹni tó máa gbé ṣọ́bìrì han ìlú, kí ẹni tó ń fẹsẹ̀ lọ oko àti ẹni tó ń gun ọ̀kadà lọ oko máa kọjá lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹnikẹ́ni mìíràn máa san, alága náà wà nínú wọn. Ó kùn díẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Èyí tó gbẹ̀yìn ni pé oníbodè gbọ́dọ̀ máa kí ènìyàn, kó sì máa fi ọwọ́ ọ̀tún gbowó. Wọ́n ní ìyẹn nìkan ni gbogbo ilé fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Ìjọba kò tíì fèsì.

Lọ́jọ́ Ajé, mo bi Dórìn bóyá wọ́n kan ẹ̀rọ owó mọ́lẹ̀. Ó wò mí, ó wo ẹ̀rọ, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò béèrè rí. A di í mú lápá kan, lápá kejì, a gbé e lọ sápá òsì. Wáyà rẹ̀ gùn tó. Lábẹ́ rẹ̀ ni Dórìn ti rí ṣíbí tíì rẹ̀ kan tó ti sọnù tipẹ́, inú rẹ̀ sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi bínú pé òsì lòun máa fi tẹ bọ́tìnì láti òní lọ.

Ìyá onífìlà pupa ló kọ́kọ́ dé. Mo na ọ̀tún, mo tẹ orúnkún díẹ̀, ìwọ̀nba èyí tí kò ní mú kó rò pé mo dákú. Mo bi í pé báwo ni ọkọ. Ó ní ó rántí orúkọ òun lánàá. Igi gbéra, ó lọ.

Lákòókò ìsinmi ọ̀sán mo pe ilé. Ìyá mi wà lọ́jà, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn gàrí. Kò kí mi, kò béèrè oúnjẹ.

"Ọwọ́ wo?"

"Ọ̀tún, Màámi."

Mo gbọ́ tó yíjú sí àwọn onígàrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ní ọmọ òun ló ń pè láti ìlú òyìnbó, ọmọ òun tó jẹ́ oníbodè. Ó wá dá ẹnu padà sínú fóònù.

"O kú iṣẹ́," ó ní.